Fóònù Tó Mọ Ará Ilé Wa

Ní gbogbo Ẹdẹ, láti Òkè Gadà títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Alájùẹ, kò sí ẹni tó lè sín ènìyàn jẹ bí èmi Salman. Bí mo bá wúkọ́ bí ìmáàmù, àwọn ènìyàn á tò sẹ́yìn mi fún ìrun. Bí mo bá ké bí ewúrẹ́, àwọn òbúkọ á wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Lọ́jọ́ kan, mo fi ẹnu ṣe ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá mi, àwọn èrò tó ń lọ sí ìlú Ara sì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, wọ́n ti ń bèèrè pé èló ni, kí wọ́n tó rí i pé kẹ̀kẹ́ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí mo bá ń purọ́, kí kẹ̀kẹ́ náà má stáàtì mọ́.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo dé kíláàsì kejì ní girama, mo wo ìwé, ìwé wo mí, àwa méjèèjì sì gbà pé kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fi ìwé dù mí fún mi ní ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀nà ọ̀fun yìí ni mo fi ń jẹ ẹran Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá wa. Àwáwù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó láyà láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti wà ní ìtẹ́. Àìsàn ojú kan tí kì í dun ènìyàn ló jí ìmọ́lẹ̀ ojú wọn gbé díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń wà, abọ́ ẹran díndín á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ẹran yẹn, ti Bàbá nìkan ni. Bí Bàbá bá ti wọlé tí wọ́n wúkọ́, Ìyá Àgbà á nawọ́ abọ́. "Ọládòṣù, gba ẹran." Èmi náà á wọlé, n ó da tùràrí Bàbá sára, n ó wúkọ́. "Ọládòṣù, gba ẹran." Ẹran tí èmi Ọládòṣù ayédèrú jẹ nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá tún un tò, á di agbo màlúù, á máa dí ọ̀nà Àwo fún ọlọ́kọ̀. Ọládòṣù gidi sì ń rù.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló gbá mi mú. Ibtisam lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó ni. Ẹ̀gbọ́n mi Nasrullah, tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló fẹ́ ẹ. Ìyàwó wa yìí ń ṣe másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tó wà nílùú wa níbí. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń la ọ̀rá kúrò lọ́wọ́.

"Ọkọ Aláwàdà, ẹran yẹn dùn?"

"Bàbá ló ń jẹ ẹran. Ṣé o ò gbọ́ ikọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ikọ́. Irùngbọ̀n Bàbá ni mi ò rí."

"Ìyàwó, lọ ka ìwé rẹ."

"Ẹ̀yin gan-an ni ìwé tí mo máa kà báyìí." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sí ibì kan tí èmi ò lè bá a dé. "Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo máa ṣe fóònù kan tí Ìyá Àgbà á fi kọ́rùn. Á máa wo ojú ẹni tó bá wọlé, á sì sọ ẹni náà fún wọn. Ẹ lè sín ikọ́ jẹ. Ká wo bí ẹ ṣe máa sín ojú jẹ."

Mo rẹ́rìn-ín títí àjà fi gbọ̀n. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ó ní fóònù kò gbọ́n rárá, pé bí ọmọ ọwọ́ ló rí. Ọmọ ọwọ́ kì í mọ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àfi tó bá rí i lówùúrọ̀, tó rí i nínú òòrùn, tó rí i nígbà tó fá irun àti nígbà tí kò fá a. Nítorí náà, àwòrán ni òun máa fi bọ́ ọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá. Ó ya wá lójú oorun, ó ya wá lẹ́nu oúnjẹ, ó ya mí lórí igi ìbẹ́pẹ, ó ya Nasrullah nígbà tí sìmẹ́ǹtì bò ó tó dà bí òkú tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Kámẹ́rà yẹn yà mí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, bí aṣọ tí wọ́n sá jù.

Àbúrò mi obìnrin, Fawziyah, ní kò sẹ́ni tó máa ya òun láìjẹ́ pé òun kun àtíkè, lé tìróò, fi ètè pupa. A gbà fún un. Nígbà tí ìyàwó wa dán fóònù wò, tí Fawziyah ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún un, fóònù ní, "Àlejò ni."

"Ta ni àlejò?" Fawziyah ti gbé ọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ má bínú, àtíkè ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní ẹ̀yin," ìyàwó wa dá a lóhùn. Ó tún gbogbo ẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti àgbò Iléyá ló burú jù. Àgbò náà já okùn, ó wọ yàrá Ìyá Àgbà pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Fóònù wò ó, ó ní, "Bàbá Ilé ti dé." Ìyá Àgbà nawọ́ abọ́. "Ọládòṣù, gba ẹran." Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọn ò bá fóònù sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó wa sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ àgbò àti Alhaji. Kọ̀ǹpútà yẹn ń gbóná débi pé a lè fi dín dòdò. Adìẹ tó sùn nítòsí rẹ̀ yé ẹyin sísè.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó fiyè sí. Ohùn tó wà nínú fóònù, ohùn Ibtisam fúnra rẹ̀ ni. Ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ata há lọ́fun, Ìyá Àgbà sì ní kí wọ́n lé òyìnbó yẹn kúrò létí òun. Ló bá ká ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó tó bá mọ ẹ̀kọ́ ilé kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rá. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wá ló fi ń pè wá. Èmi ni Ọkọ Aláwàdà. Fawziyah ni Ìbàdíàrán. Bàbá ni Bàbá Ilé. Nasrullah ni Olówó Orí Mi. Orúkọ wọ̀nyí ló kó sínú fóònù, nítorí kò sí òmíràn lẹ́nu rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Bàbá pè wá jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Sùúrù wọn ló rẹ̀.

"Ìyàwó, másítà yìí, ọdún wo ló ń parí?"

"Ọdún yìí ni, Bàbá, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Ọlọ́run náà lo dárúkọ fún mi lọ́dún tó kọjá."

"Ìyanṣẹ́lódì ni, Bàbá."

"Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Oyún ni, Bàbá."

Nasrullah họrí. "Bàbá, oyún yẹn, ká má purọ́, èmi náà lọ́wọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Mi ò rò pé aládùúgbò ni." Bàbá fọwọ́ nu ojú. "Ṣọ́ọ̀bù ike ìyá yín ní Ọjà Tìmì, àtìgbà tí Ọlọ́run ti pè é ló ti wà ní títì. Àwọn oníbàárà ń bi mí lójoojúmọ́. Bí ìyàwó bá parí ìwé lọ́dún yìí, mo gbà, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó gbé ìwé kalẹ̀, kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé, sà."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé e, mo fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Mo ṣe bíi Bàbá, mo ṣe bí àgbò, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ Aláwàdà, mi ò kórìíra ọjà," ó ní. "Inú ọjà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí fóònù yẹn kọ́kọ́ wò yín tó pè yín, ara mi ṣe bí ìgbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹni tó ti rí irú ẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Mo kó ẹ̀fẹ̀ mi, mo padà sídìí kẹ̀kẹ́ mi.

Kí ọjọ́ tí wọ́n máa pè é síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kó wá dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, tó pé, Dókítà Mọ́tọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fún un, ti kìlọ̀ fún un ṣáájú. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n pè láti ibòmíràn ń bọ̀, Ìgè lorúkọ rẹ̀, ó ti pẹ́ nílùú òtútù, kì í gba ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé gbọ́. Bí o bá ní o ṣe nǹkan fún arúgbó tí kò ríran, á ní kí o gbé arúgbó náà wá.

A gbé arúgbó náà wá. Kẹ̀kẹ́ mi tó ń gbé ènìyàn mẹ́rin gbé gbogbo ìdílé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Àgbà wà láàárín, Bàbá wà lápá kan, Fawziyah jókòó lórí itan Nasrullah, ìyàwó wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìdajì ìdí mi sì wà ní ojú afẹ́fẹ́ láti ilé títí dé ọgbà yunifásítì. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà rí wa, wọ́n sáré lọ wá ẹni tó máa bá wọn kà wá.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí tutù débi pé ọ̀rọ̀ ń dì lẹ́nu ènìyàn. A fi aṣọ wé Ìyá Àgbà, wọ́n sì sùn lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè wà láàárín, dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìyàwó wa dìde, ó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn bá já bọ́, táìsì ilẹ̀ á fọ́. Ó fi àwòrán hàn lára ògiri, ó dáhùn èyí, ó dáhùn tọ̀hún. Dókítà Mọ́tọ́lá ń mi orí bí alángbá. Gbogbo ẹ̀ ń lọ bí omi Ọ̀ṣun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè wá yí sí Yorùbá, nítorí tiwa. "Ó dáa. Ẹ gbé fóònù náà sórí tábìlì kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kí àwọn ará ilé bọ́ síta, kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan."

Fawziyah ló kọ́kọ́ wọlé, èmi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Fóònù ní, "Ìbàdíàrán ti dé."

"Kí lorúkọ yín?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Fawziyah, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo fóònù, ó wo Fawziyah. Nasrullah wọlé. "Olówó Orí Mi ti dé." Àwọn olùkọ́ tó jókòó sẹ́yìn pa ẹ̀rín mì, ọ̀kan mì ín sọ́nà ibòmíràn, ó ń wúkọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Nasrullah ni, sà."

Bàbá wọlé. "Bàbá Ilé ti dé." Bàbá ní Alhaji Ọládòṣù lorúkọ tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè gbé bírò kalẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tó sọ̀rọ̀ ló ṣì í."

Ìyàwó wa fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà yẹn ni òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ṣe. Àtìgbà tó ti ń kọ ìwé náà, nọ́ńbà ló fi ń dípò wa nínú ìwé, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí fóònù ń wí.

"Kò ṣì í, sà. Ilé ọkọ mi ni wọ́n. Orúkọ tí mo ń pè wọ́n nìyẹn. Mi ò lè pe orúkọ wọn gan-an."

"Mo gbọ́ àṣà yẹn. Ìyá mi náà ṣe é." Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Ṣùgbọ́n wo ohun tó fà. Orúkọ tí ìwọ nìkan sọ wọ́n ni. Bí fóònù bá wo ẹ̀gbọ́n tó sì pè é ní àbúrò, o lè ní bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pè é. Ta ló máa já ọ nírọ́? Ohun tí a kò lè fi hàn pé irọ́ ni, a ò lè fi hàn pé òótọ́ ni. Lọ tún un ṣe, kó o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ara ìyàwó wa bí ẹni da omi yìnyín sí i lẹ́yìn. Mo wo Bàbá. Gbogbo wa wo Bàbá. Àwọn náà ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú sókè.

"Ìyàwó, pè wá lórúkọ. Mo yọ̀ǹda. Pe èmi gan-an ní Ọládòṣù níwájú gbogbo wọn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá sọ fún mi pé òkè Ẹdẹ dìde tó ń jó, ẹnu ò ní yà mí tó bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sí ojú ìyàwó wa, ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Kò ní ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ni pé èmi náà ni olùpẹjọ́, èmi náà ni ẹlẹ́rìí. Bí mo bá pè yín lórúkọ báyìí, ẹnu mi kan náà ni." Ó yíjú sí tábìlì. "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo nílò. Ẹnì kan wà tó mọ orúkọ wọ̀nyí, tó mọ èyí tó jẹ́ ti olúkúlùkù, tí kò sì lè rí ẹni tó ń wọlé. Ẹni tí mo ṣe é fún ni. Ẹ jẹ́ kí fóònù sọ tirẹ̀ fún wọn, kí àwọn sọ ẹni náà fún yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè yọ dígí, ó nù ún. "Arúgbó lè mọ ìrìn ọmọ rẹ̀."

"Kí wọ́n bọ́ bàtà."

"Ó lè gbóòórùn wọn."

"Kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan Ìyá Àgbà jẹ bí wọ́n bá lè ṣe é." Ó yíjú, ó wò mí tààrà. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé yìí wà níbí. Ọkọ Aláwàdà, ẹ má ṣe ṣàánú mi o. Bí ẹ bá ṣàánú mi, ẹ ti pa mí."

A jí Ìyá Àgbà. Wọ́n fi fóònù kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún wọn. "Ṣé kí n sọ ẹni tó bá wọlé?" Ìyá Àgbà ní. "Ìyẹn náà niṣẹ́ ìwé?"

A bọ́ síta. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń fi ìka yan ẹni tó máa wọlé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yanu. Ó ní kí Nasrullah wọ hìjáábù Fawziyah. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lẹ́sẹ̀ òfìfo, hìjáábù fún un lọ́rùn, ó dà bí àpò sìmẹ́ǹtì tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. "Olówó Orí Mi ti dé."

"Nasrullah," Ìyá Àgbà ní, "kí ló dé tó o fi ń rùn bí obìnrin?"

Fawziyah wọlé, ó ti nu gbogbo àtíkè nù. "Ìbàdíàrán ti dé." Ìyá Àgbà ní Fawziyah ni, wọ́n ní kó wá fún àwọn lómi. Bàbá wọlé láìwúkọ́, láìsí fìlà. Fóònù pè wọ́n. "Ọládòṣù ọmọ mi," Ìyá Àgbà ní, níwájú gbogbo àwọn tó kàwé dójú ikú, "ṣé o ti jẹun?" Bàbá ní àwọn ti jẹun, mà. Mi ò tíì rí i kí Bàbá kéré bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè dìde fúnra rẹ̀. Ó gba fìlà Bàbá, ó dé e, ó jáde, ó tún rọra wọlé. Fóònù wò ó, ó ní, "Àlejò ni."

"Ẹ káàbọ̀, àlejò," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ jókòó. Ẹ má dá àwọn tó ń fìyà jẹ ìyàwó mi lóhùn."

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí mi. Ó ku èmi.

Mo bọ́ agbádá Bàbá lọ́rùn wọn, mo wọ̀ ọ́. Mo dé fìlà wọn, mo da tùràrí wọn sára títí kòkòrò inú ọgbà fi ń sín. Mo fa ojú mọ́ra bíi Bàbá, mo na ètè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ikọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀. Ó rò ó. Ó ní, "Wú u."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé n ó kàn wú ikọ́ yẹn dànù, ikọ́ adìẹ aláìsàn, kí ìyàwó wa lè là. Mo wo inú gbọ̀ngàn. Ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan péré: ẹ má ṣe é.

Mo wọlé bíi Bàbá. Mo fa ẹsẹ̀ ọ̀tún bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Mo sì wú ikọ́ kan. Ikọ́ yẹn, òun ni ìyá gbogbo ikọ́ tí mo ti wú rí. Bàbá fúnra wọn, tó wà nínú gbọ̀ngàn, fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun wọn láti mọ̀ bóyá àwọn ló wú u. Ojú Ìyá Àgbà tàn. Ọwọ́ wọn dìde láti wá abọ́ ẹran tí kò sí níbẹ̀. Ẹnu wọn ti yà láti sọ "Ọlá".

Fóònù ní, "Ọkọ Aláwàdà ti dé."

Ìyá Àgbà yí etí sí mi. Etí wọn ń sọ nǹkan kan, imú wọn ń sọ ọ́ pẹ̀lú, etí àti imú yẹn ni wọ́n sì ti fi mọ ayé láti ìgbà tí ojú ti lọ. Fóònù nìkan ló ń bá wọn jiyàn. Mo tún wúkọ́, èyí tó jinlẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fẹ́ borí, mo sì ń gbàdúà kí n má borí.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé fóònù láyà wọn, jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ.

"Salman," wọ́n ní, "bọ́ aṣọ ọmọ mi sílẹ̀. Ìwọ lo ti ń jẹ ẹran yẹn láti ọjọ́ yìí."

Inú gbọ̀ngàn hó. Dókítà Mọ́tọ́lá gun orí àga. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lu tábìlì bí ọmọ ilé-ìwé tó gbọ́ aago ìsinmi. Ayé mi ti bàjẹ́, ẹran ti tán, àṣírí ti tú, mo sì ń fò sókè débi pé fìlà Bàbá há sí ara fáànù. Ìyàwó wa kò pariwo. Ó dúró sójú kan, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lé wa síta kí wọ́n lè jókòó sọ ọ́. A ò tíì rí ibi jókòó nígbà tí wọ́n pè wá padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìgè dìde, gbogbo wọn dìde.

"Ibtisam, a ti gbà á. Kò sí pé o ń padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti òní lọ, o ti gba másítà." Ó na ọwọ́ sí i. "Orúkọ tó wà nínú fóònù yẹn, má yọ ọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó ń pe ènìyàn ló ń pinnu ohun tí ènìyàn ń jẹ́."

Nasrullah gbé ìyàwó rẹ̀ sókè níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ láìtijú. Bàbá ń lọ láti orí ọ̀jọ̀gbọ́n kan sí èkejì, wọ́n ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń sọ fún olúkúlùkù pé, "Ìyàwó mi ni. Ilé mi ló wà," bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo ń darí kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà ilé nígbà tí Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Gba Ọjà Tìmì."

"Bàbá, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀ lónìí."

"Nítorí ènìyàn tó pọ̀ náà ni. Fọn fèrè."

Mo fọn ọ́n. Fèrè yẹn ró débi pé àwọn ará Òṣogbo rò pé rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń jáde, àwọn alápatà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń bèèrè pé ọba wo ló ń kọjá. Bàbá wa, tí kì í gbé ohùn sókè bí kò ṣe fún àdúà, yọ orí síta láti inú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń pariwo, "Másítà ni o. Másítà kọ̀ǹpútà ni."

A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá wa. Obìnrin oníbàárà àtijọ́ kan, Kafilat ará Alájùẹ, dúró níwájú ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó kúnlẹ̀ nígbà tó rí Bàbá.

"Alhaji, wọ́n ní ìyàwó yín ló máa wá jókòó síbí. Ọjọ́ wo ló máa ṣí i? Mo fẹ́ ra bàsíà ìwẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi."

Bàbá wo ìyàwó wa. Ó rọra jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di fóònù mọ́ àyà, oorun sì ti ń gbé e lọ. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n má baà jí i.

"Ẹ lọ ra ike níbòmíràn, Ìyá Ọmọ," wọ́n ní. "Ìyàwó wa ò ráyè."